Ewé Tútù Lójú Kòtò: Bí A Ṣe Ń Fi Ẹjọ́ Ọ̀nà Sùn ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Bí kòtò bá là sójú ọ̀nà ní ilẹ̀ Àkókó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi já ẹ̀ka igi, tí á kì í bọ inú rẹ̀. Ewé á yọ sókè, onímọ́tò á rí i lókèèrè, á yà fún un. Níbi tí kò bá sí igi, táyà ògbólógbòó ni wọn á gbé sí i, tàbí àgbá tó ti lu, tàbí igi gbọọrọ tí wọ́n so àkísà pupa mọ́ lórí. Kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́. Ó lè jẹ́ ọlọ́kadà tó ṣubú níbẹ̀ lánàá ló ṣe é, ó sì lè jẹ́ ìyá alákàrà tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tí ariwo bíréékì ti sú. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní tiwa, ewé ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà.

Mo fi ewé bẹ̀rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, pé aráàlú kì í sọ, pé bí nǹkan bá bàjẹ́ ńṣe là ń dákẹ́ tàbí ká máa kùn nílé. Irọ́ ni. À ń sọ. Ìròyìn gidi ni ewé tó wà lójú kòtò: ó tọ́ka sí ibi tí ewu wà gan-an, ó sì sọ bó ṣe pẹ́ tó, torí pé ewé tó ti rọ, tó ti pọ́n, tó ti gbẹ di igi lásán, ẹni tó bá kọjá á mọ̀ pé kòtò yìí kì í ṣe ti àná. Ohun kan ṣoṣo ni ìròyìn náà kò ní: kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó yẹ kó wá dí i. Awakọ̀ ni ewé ń bá sọ̀rọ̀. Káńsù kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Àgbéyẹ̀wò yìí dá lórí àlàfo tó wà láàárín ewé àti káńsù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Àkókó kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Orí òkè ni Ọ̀kà wà láyé ogun, nígbà tí gíga jẹ́ ààbò. Nígbà tí ayé rọ̀ tán ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, sí Ìwárò àti Ayégunlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti lè dé. Àpáta ló yí Ìkàrẹ́ náà ká. Àpáta kì í sì mu omi. Òjò tó rọ̀ sórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá ló ń já wálẹ̀, tòun ti iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, àárín ìlú ló sì ń gbà kọjá. Gọ́tà tó bá gba agbàrá bẹ́ẹ̀ lọ́dún méjì láìsí ẹni tó kó o, iyanrìn ti dí i nìyẹn, omi á sì gorí ọ̀dà. Bí omi bá ti gorí ọ̀dà, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ojú sísán tín-ínrín ló ń bá wọlé, yangí tó wà lábẹ́ á rọ̀ di ẹrọ̀fọ̀, táyà ọkọ̀ ńlá kan á tẹ̀ ẹ́, ẹrọ̀fọ̀ á tú jáde, ọ̀dà á rì. Ojú sísán tí ẹnìkan ì bá fi ọ̀dà gbígbóná díẹ̀ dí ní oṣù kẹta, ó ti di kòtò tí ń gba àgbá ní oṣù kẹsàn-án. Agbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Onílé ọ̀nà ńkọ́? Ta ni?

Kí a tó dáhùn, ẹ má jẹ́ ká rò pé kòtò ojú títì nìkan ni ewu. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti Jùbílì lọ sí ọjà Ọ̀sẹ́lẹ̀ ní Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ ọjà mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tiwa kì í ṣe ọ̀nà kan tí wọ́n là sọ́tọ̀. Ìdérí gọ́tà ni à ń rìn lórí, níbi tó bá wà. Ìdérí kan á wà, èkejì á ti là, ẹ̀kẹta á ti di ibi tí wọ́n ń pàtẹ tòmátì sí, ẹ̀kẹrin kò sí rárá. Ọmọ iléèwé á fo èyí tí kò sí, ìyá arúgbó á sọ̀ sójú títì, ojú títì sì rèé, ọ̀kadà mẹ́ta ló ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ̀kẹ́ márúwá ń tẹ̀ lé wọn. Òpó iná tó ti dagun wà níbẹ̀, okùn waya tó ti sọ̀ wálẹ̀ wà níbẹ̀, tírélà tó bàjẹ́ láti ìjẹta tí kò ní iná lẹ́yìn wà níbẹ̀ lóru. Afọ́jú tó bá ní òun ń dá rìn nírú ibi bẹ́ẹ̀ lákíkanjú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn pé kí ni ìṣòro ọ̀nà, "kòtò" ni wọn yóò wí. Ẹni tó ń wakọ̀ ló lẹ́nu. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kì í sábà kà á sí pé òun náà ní ẹjọ́ tí òun lè fi sùn.

Ó wá kan ìbéèrè onílé ọ̀nà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 pín ọ̀nà fún mẹ́ta. Àwọn ọ̀nà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá pè ní ti ìjọba àpapọ̀, Àbújá nìkan ló láṣẹ lórí wọn. Àjọ FERMA, tí òfin ọdún 2002 dá sílẹ̀, ni wọ́n gbé títún wọn ṣe lé lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀. Ní Oǹdó a gbọ́ orúkọ OSARMCO, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ṣíṣe ọ̀nà àti títún un ṣe. Gbogbo ìyókù di ti ìjọba ìbílẹ̀. Àlẹ̀mọ́ kẹrin ìwé òfin náà kò fi bọpo bọyọ̀: iṣẹ́ káńsù ni kíkọ́ àti títọ́jú ọ̀nà àdúgbò, iná ojú títì, gọ́tà, àti gbàgede. Ìṣirò tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba fúnra wọn máa ń lò ni pé ọ̀nà Nàìjíríà tó nǹkan bí 200,000 kìlómítà, pé ti àpapọ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́fà lọ, àti pé èyí tó lé ní ìdajì wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó kéré jù lápò ló ru ẹrù tó wúwo jù.

Lórí ìwé, pínpín yìí yé ni. Ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ gbé ọ̀kadà ká jọ lọ. Láti Ọ̀wọ̀ gba Ọ̀bà wọ Àkùngbá dé Ìkàrẹ́, orí ilẹ̀ Àbújá lẹ wà. Ẹ yà sí òpópónà kékeré kan, ẹ ti dé ilẹ̀ káńsù. Ẹ tún yà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lè jẹ́ ti ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́. Kò sí pátákó tó sọ fún yín pé ẹ ti kúrò lọ́wọ́ onílé kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Ká tiẹ̀ ní ẹ mọ̀: títì jẹ́ ti àpapọ̀, ọjà tó gun orí gọ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti káńsù, òpó iná tó dagun sórí ọjà náà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ oníná, ọ̀pá omi tó bẹ́ lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ewu kan ṣoṣo, onílé mẹ́rin. Bí ẹ bá lọ bá ẹnikẹ́ni nínú wọn, kò ní purọ́ bó bá wí pé kì í ṣe tòun nìkan.

Ohun mìíràn tún wà nínú àlẹ̀mọ́ kẹrin yẹn tí àwọn ènìyàn máa ń fò dá: káńsù náà ni òfin ní kó sọ òpópónà lórúkọ, kó sì kọ nọ́ńbà sára ilé. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Bí ẹnìkan ní Ìkàrẹ́ bá fẹ́ sọ ibi tí ìdérí gọ́tà ti já, báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? "Ẹ bá mi lọ sí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ẹ óò rí ilé alájà kan tí wọ́n kùn ní pupa, ẹ má wọ ibẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo." Ará àdúgbò á débẹ̀ láìṣìnà. Ẹnjiníà tó ti Àkúrẹ́ wá, ìyẹn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, á yí ìlú po títí epo rẹ̀ á fi tán. Mo gbà pé àìsí nọ́ńbà lára ilé ń pa ẹjọ́ ọ̀nà ju àìsí owó lọ. Owó a máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá dé, kò mọ ilé.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí látẹ̀yìnwá. Láyé àwọn baba ńlá wa, ọ̀nà yíyẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìlú. Ọba á pàṣẹ, akéde á lu agogo, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á mọ ibi tí ààlà tirẹ̀ dé, ẹni tí kò bá jáde á san ìtanràn. Onílé ọ̀nà kò farasin nígbà náà, ẹgbẹ́ yín ni. Nígbà tí àwọn òyìnbó dé, wọ́n mú wolé-wolé wá. Ọmọ òde òní lè má mọ orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún á ti rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Wolé-wolé kì í dúró kí ẹ fẹjọ́ sùn. Ó ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, á yọjú sínú àmù, á wá tanwíji, á wo gọ́tà iwájú ilé, á wo ààtàn ẹ̀yìnkùlé, á kọ ọ́ sílẹ̀, ó di kóòtù ìbílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì kórìíra rẹ̀, torí pé owó ẹ̀yìn kò jìnnà sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò ní kí a dá a padà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ó ní ìwé. Ohun tó rí lónìí, ọ̀la á bá a níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó kọ ọ́.

Ní 1984, àwọn ológun gbé ogun dìde sí ìwà ìbàjẹ́, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí WAI, láti ibẹ̀ ni ìmọ́tótó òpin oṣù ti jáde. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, olúkúlùkù á kó gọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Ó dára títí dé ibì kan: iyanrìn tí wọ́n kó jáde, etí gọ́tà náà ni wọ́n ń kó o jọ sí, ọkọ̀ tó yẹ kó wá kó o kì í wá, òjò ọjọ́ Tuesday á sì gbá a padà sínú gọ́tà pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí gọ́tà dídí lè ṣe, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ìbàdàn nípa omíyalé Ògùnpa ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, àti ti oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bá ti 2011 lọ.

Àkókó ní ìrántí tirẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2021, Sátidé ni, ọkọ̀ ńlá kan tó ru símẹ́ǹtì ń sọ̀ kalẹ̀ òkè ní Àkùngbá, ìjánu rẹ̀ kò gbọ́ mọ́, ó sì ya wọ àárín àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajásin. Ó pa akẹ́kọ̀ọ́, ó pa ọlọ́jà. Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa lórí àwòrán ilẹ̀. Ọ̀nà tó so apá Lọ́kọ́ja àti Kàbà mọ́ Ọ̀wọ̀ gba ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ gíga kọjá, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ọkọ̀ símẹ́ǹtì láti Ọ̀bàjànà ń gbà á tọ̀sán-tòru. Ọjà sì wà létí títì gan-an nítorí pé ibẹ̀ ni oníbàárà wà. Ta ni kò mọ̀ pé ewu ni kí ó tó ṣẹlẹ̀? Gbogbo ọlọ́kadà Àkùngbá mọ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ti sáré sọdá ibẹ̀ rí mọ̀. Ìmọ̀ wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, ó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, nínú àwàdà, nínú àdúrà awakọ̀ tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo ọ́fíìsì kan tó ní ìwé, tí ìlà ọgbọ̀n wà nínú rẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ nípa gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ṣoṣo yẹn. N kò lè búra pé ìwé bẹ́ẹ̀ ì bá dá ọkọ̀ náà dúró. Ṣùgbọ́n ó máa ṣòro fún ẹni tó ń bójú tó o láti sùn.

Lónìí, ibo là ń gbé ẹjọ́ lọ? Ààfin ni àkọ́kọ́. Ẹni tí ewu bá kàn ní Ọ̀kà á bá baálé, baálé á bá olóyè, ọ̀rọ̀ á dé iwájú Olúbàkà, ọba Ọ̀kà. Ní Ìkàrẹ́, ibi tí Olúkàrẹ́ àti Ọwá-Alẹ̀ ti ń dé adé lábẹ́ òrùlé ìlú kan, ènìyàn máa ń ro ẹ̀ẹ̀mejì kó tó mọ ààfin tí òun ń yà sí, kí wọ́n má baà ka ọ̀rọ̀ gọ́tà sí ọ̀rọ̀ oyè. Ọba lè pe alága káńsù lórí fóònù, alága á sì dìde. Ọ̀pọ̀ kòtò ni ọba ti dí báyìí láìsí owó. Ṣùgbọ́n ojú rere ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Kánsẹ́lọ̀ ni èkejì. Òun ló sún mọ́ wa jù, òun náà ló sì ń bẹ̀rù wa jù, torí pé kò ní katakata, kò ní ọ̀dà, kò ní ju ohùn lọ nínú ìgbìmọ̀. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ tó bá lọ sọ pé gọ́tà já, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ pàdé ni "Ta ló rán ọ?"

Rédíò wá gba ipò kẹta, ó sì ti ń sún sí ipò kìíní. Láti ìgbà tí ètò tí aráàlú ti ń pè wọlé ti gbilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, èyí tí Kòkòrò Aláte ti Oríyọmí Hamzat ní Ìbàdàn sọ di ohun tí gbogbo ilé ń gbọ́, ẹni tí nǹkan bá dùn kì í ronú káńsù mọ́. Nọ́ńbà rédíò ló ń tẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Àdàbà FM àti OSRC ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Ojú máa ń ti òṣìṣẹ́ ìjọba bí wọ́n bá dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ létí ìyá rẹ̀. Àléébù rédíò ni pé ó gbóná, kò sì rántí. Kòtò tó bá ní olóhùn dídùn ni wọ́n ń dí. Kòtò mìíràn tó jìn ju ìyẹn lọ, tó wà níwájú ilé onítìjú, ó di ọdún tó ń bọ̀. Wọ́sáàpù náà rí bẹ́ẹ̀. Fótò á kọjá láti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan sí òmíràn, á dé Houston, á dé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó wà lọ́hùn-ún á fi ojú tó ń sunkún fèsì, ẹnìkan á dá owó yangí, káńsù kò ní gbọ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní nọ́ńbà 122, ọ̀fẹ́ sì ni, bí 112 ṣe wà fún pàjáwìrì gbogbo. Ó dára kí ó wà lórí fóònù yín, pàápàá fún tírélà tó dúró sójú ọ̀nà lóru. Ṣùgbọ́n FRSC kì í dí kòtò.

Peckham tí mo dárúkọ yẹn, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀, torí pé ọmọ wa tó wà níbẹ̀ mọ nǹkan kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ kò mọ̀. Láti 2007, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní mySociety ti ṣe FixMyStreet fún gbogbo ilẹ̀ Bìrìtìkó. Ẹ ya fótò, ẹ tẹ ojú ibi tó wà lórí àwòrán ilẹ̀. Ìwọ̀n ìmọ̀ tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ yín parí síbẹ̀. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló máa wá onílé ọ̀nà, tí yóò sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí káńsù tó tọ́. Gbogbo ayé ló sì lè rí i lójú kan náà, títí kan ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ àti ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe. Ní 2008 àwọn ará New Haven ní Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀, SeeClickFix. New York ti ní nọ́ńbà 311 láti 2003. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ kọ̀ǹpútà ń rò pé ẹ̀rọ ló ṣe iṣẹ́ náà, pé bí a bá ti ṣe irú rẹ̀ fún Àkókó, ó parí. Kì í ṣe ẹ̀rọ. Òfin tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì látijọ́, bí káńsù bá tún ọ̀nà ṣe tí kò ṣe é dáadáa, ẹ lè pè é lẹ́jọ́. Bí kò bá ṣe é rárá, kò jẹ̀bi. Ẹni tó jókòó tẹtẹrẹ ló mọ́ jù. Ọdún 1961 ni wọ́n tó fi òfin pa ìyẹn rẹ́. Òfin 1980 wá sọ pé káńsù gbọ́dọ̀ tọ́jú ọ̀nà, àfi bó bá lè fi hàn ní kóòtù pé òun ti sa gbogbo ipá tó yẹ, ohun tí adájọ́ sì máa wò níbẹ̀ ni bóyá ó mọ̀ nípa ewu náà tàbí ó yẹ kó ti mọ̀. Ẹ ti rí ìdí tí fótò kékeré orí fóònù fi ń ba káńsù lẹ́rù: ó pa "a kò mọ̀" lẹ́nu.

Ti New York dùn jù, ẹ jẹ́ kí n rò ó. Ẹjọ́ àwọn tó ṣubú sí kòtò pọ̀ débi pé ìlú náà ṣe òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980: ẹni tó bá ṣubú kò lè gba owó lọ́wọ́ ìlú, àfi bí ẹnìkan bá ti kọ̀wé sí wọn ṣáájú nípa ihò náà gan-an, tí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì ti kọjá láìtún un ṣe. Wọ́n rò pé àwọn ti bọ́. Ta ni yóò máa kọ̀wé nípa ihò tí kò tí ì gbé òun ṣubú? Àwọn lọ́yà rẹ́rìn-ín. Ní 1982 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, Big Apple Pothole and Sidewalk Protection Corporation, wọ́n gba àwọn ènìyàn síṣẹ́ kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rin gbogbo ìlú, kí wọ́n máa fi àmì sórí àwòrán ilẹ̀: àmì kan fún ojú sísán, òmíràn fún ihò, òmíràn fún ibi tó ga jura. Wọ́n kó àwòrán náà jọ, wọ́n gbé e fún ìjọba. Ìlú ti gbọ́ nípa gbogbo ihò rẹ̀ nìyẹn, ó fẹ́, ó kọ̀. Ó tó ọdún 2008 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ New York tó dín agbára àwọn àmì náà kù. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2003, ìlú ti gbé ẹrù ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó gbé e ka onílé tó wà níwájú rẹ̀ lórí, ohun tí ìmọ́tótó òpin oṣù tiwa ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, àwọn ará Kampala ní Ùgáńdà ṣe ìpàtẹ kòtò lórí Twitter: olúkúlùkù mú fótò kòtò àdúgbò rẹ̀ wá bí ẹni mú iṣẹ́ ọnà wá síbi àfihàn. Ẹ̀rín pọ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ Ààrẹ Museveni pàṣẹ pé kí wọ́n yọ bílíọ̀nù mẹ́fà owó Ùgáńdà fún kòtò ìlú náà.

Níhìn-ín, kì í ṣe pé ọwọ́ wa ṣófo pátápátá, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Láti 1975 ni àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, Public Complaints Commission, ti wà, Maitama Sule ló kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ó ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀. Láti 2004 ni SERVICOM ti wà nínú àwọn ilé-iṣẹ́ àpapọ̀ fún irú ẹ̀sùn yìí. Ẹgbẹ́ BudgIT ní ètò Tracka láti 2014, tí ń bi ìjọba léèrè iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ti jáde. Èyí tó lágbára jù ni òfin òmìnira ìròyìn ti 2011: bí ẹ bá kọ̀wé béèrè ohun tí wọ́n ṣe nípa ọ̀nà yín àti iye tó wà fún un, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Àwọn ìpínlẹ̀ ń jiyàn fún ọdún gbọọrọ pé òfin náà kò kan àwọn, títí di ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2025, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ó kan gbogbo ìjọba. Ilé ẹjọ́ yẹn kan náà ló ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé owó ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó sọ́wọ́ gómìnà mọ́. Àwọn alága tí ìdìbò oṣù kìíní ọdún 2025 gbé wọlé ní Oǹdó kò lè kọ orin àtijọ́ pé Àkúrẹ́ ló di àpò mú, kí ó dùn létí bí ti tẹ́lẹ̀.

Kí ló wá kù? Ìdájọ́ tèmi ni pé ohun tó kù kéré débi pé ojú ń tì mí láti sọ ọ́: ìwé kan. Kí káńsù Àríwá-Ìlà-Oòrùn Àkókó ní Ìkàrẹ́ àti ti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn ní Ọ̀kà ra ìwé gbàǹgbà kan, kí wọ́n gbé e sórí tábìlì ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni tó bá wá sọ ewu ọ̀nà gba nọ́ńbà kí ó tó jáde, yálà ọ̀nà náà jẹ́ ti káńsù tàbí kì í ṣe tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ti àpapọ̀, káńsù ni kó kọ̀wé sí FERMA ní Àkúrẹ́. Bó bá jẹ́ òpó iná, káńsù ni kó kọ̀wé sí oníná. Aráàlú kọ́ ló yẹ kó máa wá onílé ọ̀nà kiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Kí wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri ní ìparí oṣù, kí gbogbo ènìyàn rí iye tó wọlé àti iye tí wọ́n tún ṣe. Ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé e nígbà tó bá yá.

Kí ìwé yẹn tó dé, ẹ kọ lẹ́tà. Bó bá jẹ́ Yorùbá ló rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ fi kọ ọ́. Ẹ sọ ibi tó wà pẹ̀lú ohun tí kì í kúrò níbẹ̀, bí iléèwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ìyá alákàrà. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i. Ẹ sọ ẹni tó ti fara pa láìdárúkọ rẹ̀. Ẹ lẹ fótò mọ́ ọn, kí ènìyàn kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò náà kí jíjìn rẹ̀ lè hàn. Ẹ má fi orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan sí i. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò buwọ́ lù ú, torí pé ẹni kan ni wọ́n ń bi pé ta ló rán an. Ogún ènìyàn, wọn kì í bi wọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ fúnra yín. Sẹkitéríátì máa ń ṣí láti Monday sí Friday, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú dání: wọ́n á gba ọ̀kan, ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sára èkejì, ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi lù ú.